Aago Mẹ́ta Òru ní New York, Aago Mẹ́jọ Àárọ̀ ní Ìkọ̀tún

Ẹni tó bá ń fi owó àwọn ará òkè òkun tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní Èkó, aago méjì ló ń wò. Ní oṣù Kẹrin, bí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá ti lù ní Ìkọ̀tún, aago mẹ́ta òru ni ní New York. Aago méjèèjì yìí ni mo fẹ́ fi tọ ipasẹ̀ ọjọ́ kan, láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2024, títí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé fi mọ́. Túndé Ọnàkọ̀yà, ẹni tó ń fi eré chess kọ́ àwọn ọmọ tálákà, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń ta chess ní Times Square, ní New York, láti wá owó fún ẹ̀kọ́ irú wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ní kékeré, ní Ìgàndo àti Ẹgbẹ́dá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ara wa là ń wò lára rẹ̀.

Aago 8 àárọ̀

Oríta Ìkọ̀tún ti kún fọ́fọ́. Àwọn kọ̀ńdọ́ ń pe Cele, wọ́n ń pe Ìyànà-Ìpájà, àwọn tó ń ta búrẹ́dì ń sá tẹ̀lé ọkọ̀. Ní Times Square, òru ṣì ni. Túndé jókòó sídìí pátákó chess, òun àti Shawn Martinez, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọ̀gá nínú eré náà, kojú ara wọn. Ọjọ́rú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ka á padà láti ìgbà tí wọ́n parí, ó ti lé ní wákàtí 38 tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Wákàtí yìí gan-an ni Túndé dárúkọ fún àwọn oníròyìn nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Ó ní aago mẹ́ta òru ni òun ti ṣe tán láti jọ̀wọ́ ohun gbogbo sílẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti ọ̀nà jíjìn wá ló dá a dúró. Wọ́n bá a ṣe àìsùn, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, ó sì rí i pé òun kò lè já wọn kulẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an, nítorí pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọjá wákàtí 24, ọkùnrin kan náà yìí ló sọ pé agbára òun pé pérépéré, pé àwọn èèyàn òun wà níbẹ̀ pẹ̀lú orin. Kò tó wákàtí méjìlá lẹ́yìn náà tó fi fẹ́ dìde kúrò nídìí rẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí ṣe máa ń ṣe èèyàn nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹni náà jẹ́ aláìnípinnu. Ohun tó ń gbé ọkàn rẹ̀ ró kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn ló wà, àwọn ẹlòmíràn a sì máa sùn.

Ẹni tó ń ṣe àjọ kékeré ní Alímọ̀ṣọ́ mọ aago mẹ́ta yẹn. Kì í dúró de òru. Ó lè dé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ọ̀gá iléèwé bá pè pé owó àwọn ọmọ mẹ́fà kò tíì wọlé, tí o sì pe London, tí fóònù ń dún lásán. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Aago 9 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ni nígbà náà. Ìkòròdú ló dàgbà sí, ní ìhà Májídùn, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ló sì ti kọ́ chess. Nígbà tí owó iléèwé girama kò sí, ìyá rẹ̀ lọ bá àwọn aláṣẹ iléèwé, ó ní òun yóò máa ṣe ìmọ́tótó níbẹ̀ kí ọmọ òun lè kàwé. Ó kàwé nípa kọ̀ǹpútà ní Yaba College of Technology. Ní ọdún 2018 ló dá Chess in Slums Africa sílẹ̀. Iṣẹ́ náà ti Ìkòròdú dé Mákòkó, ó dé abẹ́ afárá Òṣòdì.

Mílíọ̀nù kan dọ́là ló ń wá ní Times Square, fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ káàkiri Áfíríkà. Ohun tó yàn láti fi wá a ni wákàtí 58 nídìí chess. Àwọn ará Norway méjì, Hallvard Haug Flatebø àti Sjur Ferkingstad, ló ní àmì tó ga jù láyé nígbà náà: wákàtí 56, ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 37, láti ọdún 2018. Òfin Guinness World Records, àjọ tó ń fọwọ́ sí irú àmì bẹ́ẹ̀, ni pé èèyàn méjì kan náà gbọ́dọ̀ ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wákàtí kan tí wọ́n bá ta ló ń fún wọn ní ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n lè kó ìsinmi náà jọ, ṣùgbọ́n kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò fẹ́ kí a gbójú fo Martinez. Gbogbo wákàtí tí Túndé jókòó ni òun náà jókòó. Òun kọ́ ni wọ́n ń pè ní ọmọ wa, orin ìlú rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń kọ. Ká ní ó dìde, ohun gbogbo ti bàjẹ́ nìyẹn. Gbogbo àjọ aláàánú kékeré tí mo mọ̀ ló ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń ṣírò owó, ẹni tí ń gbá yàrá lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá lọ, tí orúkọ rẹ̀ kì í sí nínú lẹ́tà ìdúpẹ́.

Aago 11 àárọ̀

Báńkì, ní Ẹgbẹ́dá. Ibí ni mo ti ní láti dúró díẹ̀, torí pé ibí ni ọkàn wa ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, dọ́là kan súnmọ́ ₦1,900 lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ tí Túndé jókòó sí New York, náírà ti gbéra. Dọ́là kan ti wá sí bí ₦1,100 sí ₦1,150. Inú gbogbo ìlú dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Houston ti ń kó dọ́là jọ fún láti ìgbà òtútù. Dọ́là 100 tó ń di nǹkan bí ₦185,000 ní oṣù Kejì, ₦112,000 ló sọ lójú wa lọ́sẹ̀ náà. Ìrẹsì, ìwé àti bàtà kò bá dọ́là wálẹ̀. Iye tí a ti kọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọgbọ̀n kò tó ọmọ ogún mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò jalè, ẹnikẹ́ni kò ṣe àfojúdi.

Ta ni yóò wá ṣàlàyé èyí fún àwọn tó dá owó? Ìbẹ̀rù tó wà nínú iṣẹ́ yìí ju ti àìrówó lọ. Ìbẹ̀rù pé wọ́n á pè ọ́ ní olè ni. Ẹni tó wà ní òkè òkun ti gbọ́ ìtàn oríṣiríṣi nípa àwọn tó fi orúkọ ọmọ aláìlóbìí kọ́ ilé. Kò ní bú ọ. Yóò kàn béèrè ní jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó kù ńkọ́?” Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì máa ń dun èèyàn dé egungun.

Ìwé tí ìjọba ń béèrè náà kò kéré. Ní Nàìjíríà, o ní láti forúkọ àwọn alábòójútó sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, o ní láti gba ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti owó àìmọ́, lọ́dọ̀ EFCC, kí báńkì tó gbà láti ṣí àkáǹtì fún ọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, àjọ aláàánú tí owó rẹ̀ bá ti kọjá £5,000 lọ́dún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission. Èrè kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń sọ fún àwọn ará wa ní Peckham tí wọn kì í fẹ́ gbọ́: bí ẹni tó ń san owó orí bá fi £1 tọrẹ, tó sì fọwọ́ sí ìwé Gift Aid, ìjọba yóò fi pẹ́ńsì 25 kún un. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló ń jẹ àǹfààní yẹn. Àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, láti ọwọ́ sí ọwọ́, ń sọ ọ́ nù lọ́dọọdún.

Aago 2 ọ̀sán

Àwọn tó kírun Jímọ̀ ti ń tú jáde, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dé ọ̀nà Ìdímù. Ní New York, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló lù. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, àwọn mìíràn dúró láti béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Omi àti ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni Túndé fi ń gbé ara ró. Nígbà ìsinmi, dípò kí ó lọ dùbúlẹ̀, ó máa ń dìde lọ kí àwọn tó wá, nígbà mìíràn á bá wọn jó.

Àwọn kan nínú wa rò pé ìyẹn jẹ́ fífi agbára ṣòfò. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń tọrọ fún ọmọ ọlọ́mọ mọ̀ pé ìkíni wà lára iṣẹ́ náà. Ojú tí o kò kí kì í padà wá.

Aago 4 ìrọ̀lẹ́

Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Akọ́wọnjọ̀ tí wọ́n ti ń lo sólà, mo ń wò ó lórí fóònù. Táíwò Adéyẹmí, tó jẹ́ alábòójútó fún Túndé, ti sọ fún àwọn oníròyìn pé $22,000 ló wọlé ní wákàtí 20 àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ ká wo iye yẹn dáadáa. Owó ńlá ni fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ́ ọmọ ní Májídùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù kan, kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ariwo tó wà lórí fóònù wa nígbà náà, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé mílíọ̀nù náà ti pé.

Àlàfo tó wà láàárín àtẹ́wọ́ àti owó ló máa ń pa àjọ kékeré. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè fẹ́ràn àwòrán ọmọ kan tó ń kàwé, kí mẹ́rin nínú wọn fi owó ránṣẹ́. Inú rẹ á kọ́kọ́ dùn. Ní alẹ́, wàá ṣí àkáǹtì.

Àwòrán yìí pàápàá, mo ní ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹkún ọmọ ló ń mú owó wá. Ọmọ tí ikùn rẹ̀ wú, ọmọ tí kò wọ bàtà, ọmọ tí eṣinṣin bà sí lójú. Ẹni tó fẹ́ ṣe rere ní òkè òkun ń retí rẹ̀, àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa béèrè fún un. Ọmọ náà yóò dàgbà, àwòrán náà yóò ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí Túndé ṣe yàtọ̀. Kò gbé ọmọ kankan síta kí ó máa sunkún. Ara rẹ̀ ló gbé síta. Àìsùn tirẹ̀, ẹ̀yìn ríro tirẹ̀ ló fi tọrọ. Ohun tó sì fi hàn ayé nípa àwọn ọmọ náà ni ọgbọ́n: pé ọmọ abẹ́ afárá lè jókòó kó ronú jinlẹ̀ bí ọmọ ọba. Mo fẹ́ kí gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí kọ́ èyí lára rẹ̀, bí owó tó ń wọlé bá tilẹ̀ máa kéré.

Aago 6 ìrọ̀lẹ́

Ìgàndo. Bí o bá gba ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ́rí, èéfín ààtàn Solous ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Àwọn àgbà àti ọmọdé ń ṣa ike àti irin níbẹ̀. Kò jìnnà púpọ̀ sí ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́, òun sì ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èèyàn pọ̀ sí jù ní Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní èyí kéré, pé àwọn ka 2,047,026. Láti ìgbà náà, ilé ti kún gbogbo ilẹ̀ tó ṣófo. Ní Nàìjíríà lápapọ̀, ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ni kò sí ní iléèwé. Àwọn kan nínú wọn ń gbé níbi tí mo ti lè pè wọ́n lórúkọ.

Àwa ń múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá dé, ó ní ọmọbìnrin òun kò ní lè wá mọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kan ta omi inú ọ̀rá ní oríta. Ó sọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú, bí ẹni tó jẹ wá ní gbèsè. Kò jẹ wá ní ohunkóhun. Ọmọ náà ló mọ ìṣirò jù nínú gbogbo wọn. Kò tíì pé wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ọmọkùnrin kan tí kò lè ka álífábẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kìíní fi ka ojú ìwé kan délẹ̀ níwájú wa láìdúró, tó sì wo ojú wa bóyá a gbọ́. A gbọ́. Bí ọkàn ṣe ń lọ sókè sódò nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, kò sì sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó ṣeé kọ ránṣẹ́ sí Houston dáadáa.

Aago 10 alẹ́

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ní New York, ọjọ́ Jímọ̀, àwọn èèyàn ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, èrò ń pọ̀ sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, olórin Adékúnlé Gold wà lára àwọn tó wá dúró ti Túndé. Igbákejì ààrẹ àná, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, kọ ọ̀rọ̀ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí Túndé fúnra rẹ̀ máa ń sọ rán an létí: pé ó ṣeé ṣe láti ti ibi kékeré ṣe ohun ńlá. Ní àdúgbò wa iná ti lọ, ẹnì kan ń wò ó nínú òkùnkùn pẹ̀lú dátà tó ṣẹ́kù, àwọn mẹ́ta mìíràn ń yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Aago 1:50 òru, Sátidé

Bí ẹ bá ka wákàtí 56 àti ìṣẹ́jú 9 láti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí àsìkò yìí ni wọ́n kọjá àmì àwọn ará Norway. Ọ̀pọ̀ tó ń ṣọ́ ọ ní Èkó ti sùn.

Aago 3:40 òru

Wákàtí 58 tí ó ṣèlérí pé. Wọn kò dìde. Mo ti bi ara mi ní ìdí rẹ̀. Ìdáhùn tí mo rí ni pé ẹni tó ti la wákàtí 38 yẹn kọjá ti mọ̀ pé òun lè fi díẹ̀ kún un.

Aago 5:40 ìdájí

Aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú lóru ní Times Square. Wákàtí 60. Wọ́n dìde. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi Túndé bó ṣe ń ṣe é lára, ó ní inú òun dùn gan-an, ṣùgbọ́n òun kò tíì lè to ohun tó wà lọ́kàn òun papọ̀, òun kò ní ọ̀rọ̀ tó tọ́ fún un. Ní Ìkọ̀tún, ìrun àárọ̀ ń lọ lọ́wọ́, àwọn tó ń lọ sí ọjà Mile 12 ti wà nínú ọkọ̀.

Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi ìkíni ránṣẹ́ sí i. Nígbà náà, Guinness ṣì ní láti yẹ ẹ̀rí wò, èyí tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mílíọ̀nù náà kò tíì pé. Nígbà tí òun àti Martinez tún padà sí Times Square ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àmì tó wà níwájú wọn ti di wákàtí 61 àti ìṣẹ́jú 3, lọ́wọ́ àwọn ará Norway mìíràn. Wákàtí 64 ni wọ́n ta nígbà yẹn. Ẹni tó bá rò pé òkìkí ọdún 2024 ti parí ìṣòro owó, ẹ jọ̀ọ́ kó wo ìpadàbọ̀ yẹn dáadáa.

Aago 7 àárọ̀

Kí àwọn ọmọ tó dé, a kọ lẹ́tà sí gbogbo àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ lórí WhatsApp. A kò fi àwòrán sí i. A kọ iye dọ́là tó wọlé àti iye náírà tó dà, a so ìwé báńkì mọ́ ọn, a sọ nípa ọmọbìnrin tó ń ta omi àti ohun tí yóò ná wa láti bá ìyá rẹ̀ ṣètò kó lè padà wá. Lẹ́yìn náà, a bẹ̀ wọ́n pé kí ẹni tó bá lè fi dọ́là mẹ́wàá sílẹ̀ lóṣooṣù má ṣe dúró de ìgbà tí yóò ní ọgọ́rùn-ún, àti pé bí ẹnikẹ́ni kò bá ní owó rárá, kí ó máa pè wá ní àsìkò tí tirẹ̀ bá jẹ́ ọ̀sán tí tiwa sì jẹ́ alẹ́, kó béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Àwọn méjì dáhùn láti London kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Houston ṣì ń sùn.